Ta Ló Ní Kí O Pààrọ̀ Imú Ọkọ̀ Rẹ?

Àlàó, fa àga yẹn mọ́ra kí o jókòó. Má sọ fún mi pé o ń kánjú. Ẹni tó ń kánjú kì í jẹ ẹ̀wà abọ́ méjì ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀, kó tún máa yọjú wo ìsàlẹ̀ kúlà. Mo ti pa rédíò, mo sì ti ní kí ọmọ tó ń bá mi tajà lọ dúró níwájú kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Èmi pẹ̀lú rẹ ló kù.

Mo rí àwòrán mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ àná. Mo kọ́kọ́ rò pé páìpù ilé ìwẹ̀ lo fẹ́ rà ni. Mo ní, àbí ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ tí kò sọ fún mi? Ìgbà tí mo wá jígí mi rí ni mo tó ka ohun tí o kọ sí ìdí rẹ̀: "Àǹtí mi, ẹ bá mi yan èyí tó dáa jù nínú wọn, ó máa jẹ́ kí ọkọ̀ mi lágbára sí i." Ọkọ̀ wo? Corolla 2005 tí èmi fúnra mi bá ọ ná, tí mo dúró ti mẹkáníìkì fún wákàtí mẹ́ta gbáko kí n tó ní kí o sanwó? Kí ni ọkọ̀ ọ̀hún fi ṣe ọ́ tí o fi fẹ́ gé imú rẹ̀, kí o fi irin dídán rọ́pò?

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta páàtì lọ́jà Àràrọ̀mí níbí, ní Géètì Agodi. Ẹ̀yìn mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lo wà nígbà tí ìyá rẹ bá lọ síbi iṣẹ́, o ti mọ òórùn ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì kí o tó mọ òórùn ọsàn. Orí tìẹ kọ́ ni yóò wá wọ́ lójú mi.

Gbọ́ ná. Ẹ́ńjìnnì ń mí. Bí èmi àti ìwọ ṣe ń mí ló ń mí. Epo nìkan kò lè jó nínú rẹ̀, atẹ́gùn ni yóò bá a jó. Kílò epo kan ń fẹ́ kílò atẹ́gùn 14.7 kó tó jó bó ṣe yẹ. Bí a bá ní ká fi lítà ṣírò rẹ̀, lítà epo kan ṣoṣo tí wọ́n bá bù sí táńkì rẹ, ẹ́ńjìnnì yóò fa nǹkan bí 9,000 lítà atẹ́gùn tẹ̀ lé e. Wo dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, 200 lítà ló ń gbà. Dúrọ́ọ̀mù 45 nítorí lítà epo kan! Epo la máa ń ṣọ́ nítorí pé owó la fi ń rà á. Atẹ́gùn ò lówó lórí, a kì í béèrè ibi tó gbà wọlé. Ojú ihò kan ṣoṣo náà ni gbogbo ẹ̀ ń gbà, tòun teruku tó wà nínú rẹ̀; ihò yẹn ni imú ọkọ̀.

Nítorí náà, n kò bá ọ jà pé o ń ro ọ̀rọ̀ imú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ ní imú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé o ti ń wá tuntun káàkiri, o kò sì tíì yọjú wo èyí tó wà níbẹ̀. Dìde. Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dání, jẹ́ ká lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó dáa. Wo àpótí dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì yẹn, inú rẹ̀ ni éà fíltà wà. Kílíìpù rẹ̀ kan ti já, wáyà ni wọ́n fi so ó. Ta ló so ó? O ò mọ̀. Ọkọ̀ rẹ ni, o ò mọ ẹni tó fi wáyà so ó nímú. Yọ fíltà náà síta, rọra o. Háà! Àlàó! Ṣé fíltà nìyí àbí àkísà tí wọ́n fi nu àrò? Ewé gbígbẹ rèé, ìyẹ́ adìyẹ rèé, eruku ọyẹ́ èṣín náà ṣì ń bẹ níbẹ̀. Ìgbà wo lo pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn?

"Fọkanáísà máa ń fẹ́ ẹ fún mi." Mo mọ̀ pé ohun tí o máa sọ nìyẹn. Gbogbo yín lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀. Fọkanáísà tó ń fi atẹ́gùn tó lágbára láti gbé ọkọ̀ sókè sí táyà, òun lo gbé fíltà bébà fún pé kó fi atẹ́gùn ọ̀hún fẹ́. Gbé e sókè kọjú sí oòrùn. Ṣé o rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́ yẹn? Ihò ni. Eruku ńlá jáde lóòótọ́, ọ̀nà sì là fún èyí tó kúnná. Èyí tó kúnná gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ibi.

O mọ ibi tí eruku ọyẹ́ ti ń wá? Ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, adágún omi ńlá tó ti gbẹ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń gbéra kó tó bá wa ní Ìbàdàn níbí. Iyanrìn tó kúnná ló wà nínú rẹ̀, èyí tó sì jẹ́ òkúta dídán nínú iyanrìn ọ̀hún le ju irin tí wọ́n fi ṣe ríìngì pístìnì lọ. Tó bá dénú ẹ́ńjìnnì, yóò máa fá a bí ìgbà tí káfíńtà ń fi sáńpépà fá pákó. Kò ní dá ọkọ̀ dúró lónìí, kò ní dá a dúró lọ́la. Lọ́jọ́ kan wàá rí èéfín tó rí bí aró lẹ́nu sàléńsà, mẹkáníìkì yóò ní "ó ti ń jẹ ọ́ìlì," wàá sì máa bú ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì tí wọ́n gbé wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, láti imú ni àìsàn wọn ti wọlé.

Bí fíltà bá ṣe báyìí, ó di ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ náà. Bóyá òun gan-an ni o ń pè ní "ọkọ̀ mi ò lágbára." Ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ mi tó jẹ́ ẹ́ńjíníà, sọ fún mi pé àwọn oníwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2009. Wọ́n rí i pé bí fíltà bá dí lára àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tó ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ náà kò ní í tìtorí ẹ̀ mu epo jù, torí bíréènì-bọ́ọ̀sì yóò dín epo kù bó bá rí i pé atẹ́gùn dín kù. Ohun tó ń bà jẹ́ ni bó ṣe máa ń ta. O tẹ̀ ẹ́, ó ń fà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àwọn ọkọ̀ ayé ijọ́un tó ń lo kàbúrétọ̀ ni fíltà dídí ń jẹ́ kó mu epo bí ẹni mu omi. Ìyẹn ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ tajà fún ọ, tó ní páìpù òun yóò jẹ́ kí epo rẹ pẹ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Jẹ́ ká padà sínú, oòrùn ti mú.

Gbé fóònù yẹn wá. Àwòrán àkọ́kọ́, páìpù kúkúrú tó ń dán bíi dígí, tí fíltà rẹ̀ rí bí ṣùkù àgbàdo lókè. Ó rẹwà. N kò ní parọ́, ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, ibo ni wọn yóò gbé e sí? Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, lẹ́yìn rédíétọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Wo èyí tí Toyota ṣe síbẹ̀: ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú, ó ń mí atẹ́gùn títì. Atẹ́gùn tó bá gbóná a máa fúyẹ́. Bí ìta bá gbóná dé 33 lórí ìwọ̀n Celsius, tí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná dé 60 nínú gó-síló, atẹ́gùn inú yẹn á ti fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 fúyẹ́ ju ti ìta lọ. Ìdá 8 agbára ọkọ̀ rẹ nìyẹn o, tí o fowó rẹ lé lọ. Ó dà bí ìgbà tí a mú ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a ní kó wá máa mí nínú ilé ìdáná tí wọ́n ti ń yan ẹja, kó lè lágbára sí i. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà tó dán, ooru náà á dín kù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àjáh ní Èkó lò ń gbé. Ìgbà wo lo sáré gbẹ̀yìn?

Ọ̀rọ̀ ìsáré yẹn gan-an, jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn ọ́. Lẹ́yìn fíltà, kí atẹ́gùn tó dé ẹ́ńjìnnì, ìdérí pẹlẹbẹ kan wà nínú tírọ́tù tó ń ṣí, tó ń pa dé. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń ṣí i. Nínú gó-síló, díẹ̀ báyìí ló máa ń là. Wo àrọ tí a fi ń da epo pupa sínú ìgò. O lè fẹ ẹnu àrọ títí kó tó agbada, ọrùn rẹ̀ ni yóò sọ bí epo ṣe máa yára sọ̀ kalẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ rẹ ni ọrùn àrọ. Ìgbà tí o bá tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, nìkan ni ìwọ̀n ẹnu tó lè ṣe nǹkan kan. Agbára ẹṣin 130 ni wọ́n bí mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ yẹn. Bí páìpù bá fi ẹyọ mélòó kan kún un, ẹsẹ̀ rẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Kí n má sì gbọ́ pé o ń tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó láti fi dán an wò.

Àwòrán kejì. Eléyìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Páìpù gígùn, tó gba abẹ́ iná ńlá sọ̀ kalẹ̀, tí fíltà rẹ̀ wá dúró sẹ́yìn bọ́ńpà nísàlẹ̀. Ẹni tó ṣe é gbọ́n: ibẹ̀ tutù lóòótọ́, ooru ẹ́ńjìnnì kò dé ibẹ̀. Nílùú tí òjò kì í ti í dúró sójú títì, mo lè gbà fún un. Ṣùgbọ́n Àjáh, Àlàó? Lẹ́kkí? Ṣé o ti gbàgbé òjò oṣù keje 2017 ni, nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré rìn níbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ ti ń rìn? Ìwọ fẹ́ gbé imú ọkọ̀ kúrò lókè, kí o lọ gbé e sí orúnkún.

Ṣírò eléyìí fún mi, ìwọ tí o ka ìwé. Ẹ́ńjìnnì rẹ jẹ́ lítà 1.8, pístìnì mẹ́rin. Ìyẹn ni pé pístìnì kọ̀ọ̀kan ń fa nǹkan bíi 450 mílílítà, á sì tẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú àyè tí kò ju 50 mílílítà lọ. Atẹ́gùn ṣe é tẹ̀ pọ̀. Omi kò ṣe é tẹ̀ pọ̀. Bí omi tó kún síbí ìjẹun mẹ́rin bá wọnú ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, pístìnì ń bọ̀ lókè, kò ráyè lọ. Irin ni yóò tẹ̀. Síbí mẹ́rin! Omi tó kéré sí èyí tí o fi ń yọ́ ọbẹ̀ tó bá ki.

Ọmọ oníbàárà mi kan ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, o mọ ìyá rẹ̀. Honda ni tirẹ̀, ó fi irú páìpù yìí sí i, ó ń fi hàn gbogbo ènìyàn bí ẹni tó ra ilẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, omi wà lójú títì, kò tiẹ̀ dé etí ilẹ̀kùn. Ó ní òun máa rọra gbà á kọjá. Ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín omi. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó jáde, kó wá ẹni tó máa tì í, kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì kí omi lè tú jáde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kejì. Kọ́nróọ̀dù kan tẹ̀, ó ṣẹ́, ó sì lu ara ẹ́ńjìnnì jáde, ihò náà tó ọwọ́ mi yìí. Èmi ni mo ta ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀ọ̀mù tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún un. Mo jèrè níbẹ̀. Inú mi kò dùn sí èrè ọ̀hún, nítorí ìyá rẹ̀ ló sanwó.

Àwọn kan ń ta fáàfù kékeré tí wọ́n ń fi sókè páìpù bẹ́ẹ̀, pé bí ìsàlẹ̀ bá bọ́ sómi, ẹ́ńjìnnì á máa fa atẹ́gùn lókè dípò omi. Ó ń ṣiṣẹ́ bí omi bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì fara mọ́ ọkọ̀ tó bá ní tọ́bò. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a máa wá ọgbẹ́ kí a tó wá ra báńdéèjì? Pa àwòrán yẹn rẹ́ lórí fóònù rẹ. Pa á rẹ́ níṣojú mi.

Ó ku ẹ̀kẹta, òun nìkan ni mo lè bá ọ jókòó sọ. Kò ní páìpù, fíltà pẹlẹbẹ lásán ni, tó ń wọ inú àpótí dúdú ọ̀hún gan-an. Òwú ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi epo pa á lára, o lè fọ̀ ọ́ kí o tún lò ó. K&N tó ń ṣe é ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí ní Kalifọ́níà láti 1969. Èrò rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Bàbá àgbà rẹ ní Volkswagen ìjàpá kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọkọ̀ yẹn kò lo bébà rárá. Abọ́ ni wọ́n gbé lé e lórí, wọ́n bu ọ́ìlì sínú abọ́ náà. Atẹ́gùn á wọlé, á dé ojú ọ́ìlì, á yí padà lójijì. Eruku wúwo, kò lè yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀, yóò já lulẹ̀ sínú ọ́ìlì. Bí wọ́n bá ti ní ká wá da ọ́ìlì ọ̀hún nù, ẹrẹ̀ tó wà nídìí abọ́ a máa tó èyí tí a lè fi mọ ìkòkò. Bàbá mi máa ń ní, "Ṣé ẹ rí i, gbogbo èyí ni ìjàpá ò jẹ́ kó wọ òun lọ́fun."

Nítorí náà, epo ń mú eruku, mo mọ̀. Ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù lára eléyìí. Èkíní, ayédèrú pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn. Èmi tí mò ń tà á ni mo ń sọ fún ọ. Páálí rẹ̀ á dán, orúkọ ńlá á wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà etí rẹ̀ wò. Bó bá le bí ike garawa, kò ní lẹ̀ mọ́ ara àpótí, eruku yóò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Wo àwọ̀n wáyà ojú rẹ̀. Bó bá ń dípẹtà tàbí tó ń já, fi sílẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì ni yóò gbé ohun tó bá já mì. Èyí tó dáa gan-an, àwọn tó ṣe é lè sọ fún ọ iye eruku tó mú nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ISO 5011. Èyí tí kò lè sọ nǹkan kan ju "agbára! agbára!" lọ, má fi owó rẹ dán an wò.

Èkejì, ẹ kì í mọ ìwọ̀n epo. Ẹ fọ̀ ọ́ tán, ẹ máa da epo sí i bí ẹni ń dín àkàrà. Èyí ló gbé mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, kí o fetí sílẹ̀ níbí, àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kàn.

Ǹjẹ́ o rí nǹkan kékeré tó wà lórí ìdérí àpótí yẹn, tí wáyà márùn-ún so mọ́? Sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn ni. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná. Atẹ́gùn tó ń kọjá á máa tu ú lára, bíréènì-bọ́ọ̀sì á sì máa wo iye iná tó ń ná kí wáyà náà tó lè gbóná padà. Ibẹ̀ ló ti ń mọ iye atẹ́gùn tó wọlé, òun ló fi ń wọn epo tí nọ́súùlù máa tú sílẹ̀. Bí epo fíltà bá ta sí wáyà yẹn, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ fọ́. Má sì fi ọwọ́ nù ún, má fi epo ọkọ̀ fọ̀ ọ́, má jẹ́ kí fọkanáísà rẹ yẹn sún mọ́ ọn pẹ̀lú atẹ́gùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fín sí i lára wà, mo ní in nínú àpótí ọjà mi.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Ìwọ̀n páìpù ló burú. O mọ Ìyá Onígaàrí iwájú yẹn. Bó bá sọ pé kọ́ńgò mẹ́wàá, kọ́ńgò tó ń lò ló fi ń kà á. Bí ẹnìkan bá lọ fi kọ́ńgò tó tóbi jù rọ́pò tirẹ̀ lóru, tí obìnrin náà kò mọ̀, yóò ṣì máa ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, gààrí rẹ̀ yóò sì máa lọ. Bíréènì-bọ́ọ̀sì rẹ nìyẹn. Ìwọ̀n páìpù tó wà níbi sẹ́ńsọ̀ ni kọ́ńgò rẹ̀. Bí o bá gbé páìpù tó fẹ̀ jù síbẹ̀, atẹ́gùn tó wọlé á pọ̀ ju èyí tó kà lọ, epo tó máa tú kò ní tó. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní ìdúró, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì á tàn. Wàá sáré lọ bá réwáyà. Réwáyà á ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bọ̀ ọ́, yóò ka P0171, ìyẹn ni pé epo kéré sí atẹ́gùn. Yóò ní sẹ́ńsọ̀ rẹ ti bà jẹ́. Wàá ra sẹ́ńsọ̀. Iná á tún tàn. Wàá ra nọ́súùlù. Bẹ́ẹ̀ ni wàá máa ra nǹkan kiri ọjà, nǹkan kan kò ṣe sẹ́ńsọ̀, nǹkan kan kò ṣe nọ́súùlù, kọ́ńgò ni ẹ pààrọ̀.

Họ́ọ̀sì kékeré kan tún wà tó ti orí ẹ́ńjìnnì wá wọ páìpù atẹ́gùn yẹn, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń tú èémí inú rẹ̀ sí. Páìpù ọlọ́jà mìíràn kò ní ẹnu tí wọ́n máa so ó mọ́. Kí ni mẹkáníìkì máa ń ṣe? Á fi í sílẹ̀ kó máa fì dirodiro, tàbí kó fi àkísà dí i. Bó bá là sílẹ̀, eruku á gbabẹ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Bó bá dí i, èémí inú kò rí ọ̀nà jáde, ọ́ìlì á máa sun níbi tí kò yẹ. Mo ti rí méjèèjì, ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo tiẹ̀ rí wọn.

Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Kalifọ́níà, irú páìpù báyìí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń mójú tó èéfín níbẹ̀, kí wọ́n tó lè fi sára ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì. Níbí, VIO yóò wo iná, yóò wo táyà, yóò bi ọ́ ní ìwé. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ nípa imú. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni yóò bi ọ́, òun kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

Wàyí o, wo ojú mi. Ohùn lo fẹ́, àbí? Má rẹ́rìn-ín. Àpótí dúdú yẹn ní yàrá kékeré kan tí wọ́n dìídì ṣe sí i láti pa ariwo. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa èémí, "fùùùù," etí yóò sì sọ fún ọpọlọ pé ọkọ̀ ti lágbára. Mo gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ tó gbé ọ wá nígbà ọdún iléyá, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. N kò sọ pé ohùn burú. Èmi náà fẹ́ràn gèlè tó ń pariwo. Bí ohùn ni, sọ pé ohùn ni, kí o fi owó ohùn ra ohùn. Má fi orúkọ agbára pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọbìnrin kan lo ń tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo eléyìí, bóyá oorun ló ń wù ú.

Bó bá pé ọdún kan tí páìpù ṣì ń wù ọ́, n kò ní dí ọ lọ́wọ́. Wá èyí tí wọ́n ṣe fún Corolla ọdún tìrẹ gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n ní ó ń bá ọkọ̀ gbogbo mu. Kó ní àpótí tirẹ̀ tó bò ó, kó máa mí láti iwájú, lókè, bí ti àtijọ́. Kí ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀ má fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó ní ẹnu họ́ọ̀sì. Kí o sì gbé àpótí dúdú yìí pamọ́ sínú ilé rẹ, má fún mẹkáníìkì, torí ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ yóò béèrè rẹ̀.

Ní ti òní, fíltà bébà tuntun rèé, ojúlówó ni, mo ti fi ọwọ́ ara mi yàn án. Kílíìpù rèé. N kò gba owó fíltà, wàá sanwó kílíìpù, kí o má bàa rò pé mo ti di àgbà jù láti tajà. Nígbà ọyẹ́, máa ṣí àpótí yẹn wò lóṣù-lóṣù. Bó bá ti dúdú, pààrọ̀ ẹ̀, má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Owó tí o fẹ́ fi ra páìpù, lọ fi ra táyà iwájú méjèèjì. Mo rí wọn nígbà tí o ń wọlé, wọ́n ti pá bí orí bàbá rẹ, kí wọ́n má gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Súkùúrù wà lábẹ́ kàǹtà, lọ fi fíltà náà síbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Bí o bá dé Àjáh lálẹ́ yìí, tí o bá omi lójú títì, dúró ní ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, kí o pè mí lórí fóònù. N kò ní í tíì sùn.